Agbáyun: Èso Kékeré Tí Í Sọ Kíkan Di Dídùn

Bí òjò bá ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ mu omi yó ní agbègbè wa, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, èso kan a máa pọ́n tí kì í pariwo wọ ọjà. A kì í kó o jọ gègèrè bí ọ̀pẹ̀-òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kígbe polówó rẹ̀ bí àgbálùmọ̀. Àwọn ọmọ tí ń ti oko bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti pọ́n, àti àwọn ẹyẹ. Agbáyun ni orúkọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ èdè Fọ̀n ń pè é ní sisrè, àwọn tí ń fi Faransé kọ̀wé nípa rẹ̀ a sì máa pè é ní fruit miracle, èyíinì ni èso ìyanu. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ọjọ́ orí yín ti gòkè díẹ̀ ni ẹ ti jẹ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ yín tí a bí sí Kútọnu léèrè, ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ igi rẹ̀ yàtọ̀ sí igi mìíràn nínú igbó.

Èso náà kéré. Gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ, ó sì pupa bí èso kọfí tí ó pọ́n tán. Kóró kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ẹran ara tí ó sì bo kóró náà fẹ́lẹ́ gan-an ni. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi í sẹ́nu lè ṣe kàyéfì pé kí ni àwọn ènìyàn ń yìn lára èyí, nítorí pé adùn tirẹ̀ gan-an kò tó nǹkan. Ìgbà tí a bá wá jẹ ohun tí ó kan tẹ̀ lé e ni a óò mọ ohun tí ó ti ṣe sí wa lẹ́nu. Òróm̀bó wẹ́wẹ́ a dùn bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú oyin. Ìṣápá, àjàgbọn, ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí kò tíì pọ́n, ẹmu tí ó ti kan, gbogbo wọn a yí padà lórí ahọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ṣúgà kan wọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú àkókò òjò ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gbéra láti Àjàṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a gba ojú ọ̀nà ńlá tí ó la Ṣákẹ́tẹ́ àti Pọbẹ́ kọjá lọ sí Kétu. Oko bàbá àgbà kan nítòsí Ṣákẹ́tẹ́ ni à ń lọ, láti lọ ká agbáyun. Kì í ṣe fún fàájì nìkan. Ọ̀rẹ́ mi yìí, tí a jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀, ti gbọ́ ní ọsibítù ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un: oògùn wà tí yóò máa lò, ìrìn ẹsẹ̀ wà tí yóò máa rìn, ṣùgbọ́n ṣúgà gbọ́dọ̀ kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ó gba oògùn, ó gba ìrìn. Ti ṣúgà ni kò rọrùn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń mu ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, kóró ṣúgà mẹ́rin sì ni ó máa ń jù sínú igbá ẹ̀kọ kan.

Ó sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé, "Mo ti gbìyànjú láti mu ún láìsí ṣúgà. Ọjọ́ kẹta ni mo da ìyókù fún adìyẹ. Adìyẹ pàápàá wò mí lójú."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bàbá rẹ̀ ni àtọ̀gbẹ mú lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Kò sí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí pé àwa méjèèjì ni a mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a dé oko, ìrì ṣì wà lórí koríko. Bàbá olóko ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń fi àdá nu ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rọ́bà rẹ̀. A kúnlẹ̀ díẹ̀, a kí i: "Ẹ kú oko o, Bàbá! Àroko bọ́dún dé o!" Ó dáhùn pé, "Àṣẹ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú àárọ̀. Ṣé àlàáfíà ni ẹ jí?" Kò béèrè ohun tí a wá ṣe, nítorí pé a ti ránṣẹ́ ṣáájú. Ó ṣáà wo ọwọ́ wa, ó rí i pé àpò ọ̀rá ni a mú wá, ó sì mi orí. Ó wọ inú ahéré rẹ̀ lọ, ó mú igbá méjì jáde, ó fi ewé tútù tẹ́ inú wọn. Ó ní agbáyun kì í fẹ́ ooru, inú ọ̀rá ni ó sì ti máa ń tètè bàjẹ́ jù lọ.

Igi mẹ́sàn-án ni ó kù sí oko náà. Wọn kò ga. Èyí tí ó ga jù lọ nínú wọn fi díẹ̀ ju ẹni tí ó nawọ́ sókè lọ. Ewé wọn a máa ṣù pọ̀ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, ó dúdú ní àwọ̀ ewé, ó sì ń dán. Láàárín ewé wọ̀nyẹn ni èso wà, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka nítorí pé ìdí rẹ̀ kúrú. Lórí ẹ̀ka kan náà ni a ti rí òdòdó kéékèèké, èso tútù, èso tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, àti èyí tí ó ti pọ́n rẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ń ká agbáyun kò lè fi ìwàǹwára ká a. Igi kan náà ni yóò padà sí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àti lẹ́yìn náà pẹ̀lú.

Bàbá kọ́ wa bí a ti í ṣe é. Ó ní, "Ẹ má fà á. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú un, kí ẹ yí i díẹ̀. Èyí tí ó bá tó á bọ́ sọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá kọ̀, kò tíì fẹ́ bá yín lọ, ẹ fi í sílẹ̀." Ó ní kí a má ṣe ká èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, nítorí pé agbára rẹ̀ kò tíì pé. Èyí tí ẹyẹ bá ti sọ, kí a fi í fún ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni igi mìíràn yóò ti hù.

Iṣẹ́ tí ó mú ìfarabalẹ̀ wá ni. Èmi wà ní apá kan igi, ọ̀rẹ́ mi wà ní apá kejì, a ń gbọ́ ohùn ara wa láìrí ojú ara wa. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ó fi sọ ohun tí kò sọ nínú ọkọ̀. Ó ní ikú kọ́ ni ó ń ba òun lẹ́rù. Ohun tí ó ń ba òun lẹ́rù ni pé kí òun di ẹni tí wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún nínú ilé ara òun, tí àwọn ọmọ-ọmọ á máa wò bí aláìsàn. Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ mi. Ó kígbe pé òun ti rí ẹ̀ka kan tí èso mẹ́tàdínlógún wà lórí rẹ̀, ó sì ń kà wọ́n sókè bí ẹni tí ń ka owó.

Ó tó wákàtí méjì kí a tó parí, ìwọ̀n tí a sì ká kò kún igbá kan tán. Nígbà náà ni Bàbá ní kí a jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó bọ́ òróm̀bó wẹ́wẹ́ kan sí méjì. Ó fún wa ní agbáyun kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a máa yí i kiri lẹ́nu, kí ẹran ara rẹ̀ kan gbogbo ahọ́n, kí a má ṣe gbé e mì kíákíá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ a tu kóró sọ́wọ́, a sì fi òróm̀bó sẹ́nu. Èmi ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ eyín mi ti ń múra láti kan. Kò kan. Ọ̀rẹ́ mi wo òróm̀bó náà, ó wo Bàbá.

"Bàbá, ṣé ẹ kò ti fi oyin pa èyí lára?"

"Oyin wo ni mo fẹ́ rí fi ṣòfò lára òróm̀bó?" ni Bàbá dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi wá mú ohun tí ó tìtorí rẹ̀ wá jáde: ẹ̀kọ tí ó gbé wá láti ilé nínú ìgò ẹlẹ́nu gbọọrọ, tí kò ní ṣúgà rárá. Ó ṣì gbóná. Bàbá dá a lẹ́kun. Ó ní kí ó jẹ́ kí ẹ̀kọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná, nítorí pé ohun gbígbóná a máa fọ agbáyun kúrò lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ohun kan náà, àfi pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ju ìyá Bàbá lọ, ẹni tí ó kọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀kọ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mu ún. Kò sọ nǹkan kan. Ó tún mu ún. Ó wá sọ pé kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ṣúgà, pé adùn náà ń pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n pé òun lè mu èyí ní ọ̀la, kí òun sì mu ún ní ọ̀tunla.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ wo ìdí rẹ̀ tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe idán. Ògì tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ jẹ́ àgbàdo tí a rẹ tí ó sì kan. Kíkan yẹn gan-an ni agbáyun ń bá ṣiṣẹ́. Nínú ẹran ara èso náà ni purotéènì kan wà tí wọ́n sọ ní miraculin. Ní ọdún 1968 ni àwọn olùwádìí kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀, lára wọn sì ni Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí a bá jẹ agbáyun, purotéènì yìí a lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí kò bá sí ohun kíkan lẹ́nu, a jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí kíkan bá ti dé, a yí ìdúró rẹ̀ padà, a sì ji ibi náà, ahọ́n a sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé adùn dé. Èyí a máa tó ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn a tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí itọ́ yóò fi fọ̀ ọ́ kúrò. Ìdí nìyí tí agbáyun kò fi ṣe nǹkan kan sí iṣu tàbí ẹ̀wà, tí kò sì lè sọ ewúro di oyin. Kíkòrò kì í ṣe kíkan.

Ìdílé kan náà ni igi yìí àti àgbálùmọ̀ ti wá, àti igi èmì tí àwọn ará àríwá fi ń ṣe òrí. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé ọmọ ilẹ̀ wa ni. Kò sí ẹni tí ó gbé e wá láti òkè òkun. Àwọn àlejò ni wọ́n bá a níbí. Ní 1725 ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ń jẹ́ Chevalier des Marchais, wà ní etíkun wa ní Ouidah, nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí àlùfáà Labat sì tẹ̀ jáde ní 1730 ni ìròyìn èso yìí ti kọ́kọ́ dé etí àwọn ará Yúróòpù. Ní 1852 ni W. F. Daniell, dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn ará etíkun a máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ̀kọ tí ó ti kan, kí wọ́n tó mu ẹmu tí ó ti kan pẹ̀lú. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Nígbà náà, kí ni mo ṣe tí ó jẹ́ tuntun?" Kò sí. Ohun tí àwọn ìyá ìyá wa ń ṣe ni ó ṣe.

Ní ilé tiwa, ìlò agbáyun ju ti oúnjẹ lọ. Àwọn àgbà a máa lò ó nínú ohun tí wọ́n fi ń wá ojúrere, pé kí ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu wọn jáde dùn létí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Èmi kì í ṣe babaláwo, n kò sì ní wọ inú èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀ ti fojú sí iṣẹ́ èso náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kàn, ibẹ̀ ni inú mi kì í sì í dùn. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Miralin fẹ́ máa fi agbáyun ṣe ohun tí àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ṣúgà yóò máa lò. Wọ́n ti múra tán nígbà tí ìjọba ibẹ̀, ní 1974, sọ pé àfikún oúnjẹ ni, pé kí wọ́n lọ ṣe ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ìtàn agbáyun ní òkè òkun dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, àfi ní Jàpáàn tí àwọn ènìyàn ti ń gbìn ín sínú ilé onígíláàsì. Ní ìparí ọdún 2021 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù wá gbà pé kí a máa ta èso agbáyun gbígbẹ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Àwọn dókítà mìíràn tún ti ń dán an wò fún àwọn tí oògùn àrùn jẹjẹrẹ ti ba adùn oúnjẹ jẹ́ lẹ́nu wọn, tí gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ ń rùn bí irin.

Ẹ̀yin náà rí i pé ọjà ti ṣí. Ta ni yóò wá ta? Agbáyun tútù kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Bí a bá sè é, agbára rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí ó dára jù láti tọ́jú rẹ̀ ni kí a sọ ọ́ di yìnyín, kí a sì fa omi ara rẹ̀ jáde nínú òtútù náà títí yóò fi di ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ tí ń ṣe èyí sì wọ́n lówó. Nítorí náà, ìyá tí ń ká a nítòsí Ṣákẹ́tẹ́ ń tà á ní òkìtì kéékèèké ní ọjà tí ó sún mọ́ ọn, ní owó díẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ní ilẹ̀ òkèèrè ń dì í sínú páálí kékeré, ó ń tà á ní owó tí ìyá yẹn kò lè rí ní ọ̀sẹ̀ kan. Òwú ni gbogbo ìjíròrò nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa ń dá lé lórí, n kò sì bá òwú jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi òwú sí ẹ̀kọ.

Kì í ṣe pé gbogbo wa ni a sùn. Ní Yunifásítì Abomey-Calavi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Enoch Achigan-Dako àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, lára wọn Dèdéou Tchokponhoué, ti ń ṣe ìwádìí lórí igi yìí fún ọdún púpọ̀: bí kóró rẹ̀ ti ń hù, bí igi ti ń dàgbà, bí èso ibi kan ti yàtọ̀ sí ti ibòmíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí wọ́n ń wá kò ṣòro láti lóye. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ gbin hẹ́kítà kan, ó yẹ kí ó mọ irú èyí tí ń so dáadáa, kí ó sì mọ iye ọdún tí yóò fi dúró dè é.

Ìdúró náà ni ìṣòro. Igi agbáyun kì í yára. Láti ọjọ́ tí a gbin kóró, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni a ó dúró kí a tó rí èso àkọ́kọ́, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kóró náà kò sì ṣeé fi pamọ́. Àgbàdo àti ẹ̀wà, a lè so wọ́n mọ́ àjà títí di ọdún tí ń bọ̀. Kóró agbáyun tí ó bá gbẹ ti kú nìyẹn. Àwọn kan lè rò pé bí igi bá tán nínú oko, a ó lọ ra irúgbìn. Irúgbìn kò sí níbikíbi àfi lórí igi.

Èyí ni ó mú kí ohun tí a rí ní ìsàlẹ̀ oko Bàbá wúwo lọ́kàn mi. Láàárín igi keje àti ìkẹjọ, òkúta ààlà kan wà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, orí rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn. Àwọn awọnlẹ̀ ni wọ́n rì í síbẹ̀. Ìyá Bàbá ni ó gbin àwọn igi náà gẹ́gẹ́ bí ààlà láàárín oko rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀, mọ́kànlá sì ni wọ́n. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí ta ìpín tirẹ̀. Ẹni tí ó rà á da yanrìn síbẹ̀, ó fi odi yí i ká, igi méjì sì lọ. Ní báyìí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá tí ń gbé ní Kútọnu ní kí a pín ìyókù, kí olúkúlùkù ta tirẹ̀ bí ó bá wù ú. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá ojú ọ̀nà ńlá ń gba owó lójoojúmọ́, Bàbá kò sì sọ pé wọn kò ní ẹ̀tọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ tí ó fẹ́ wọ yunifásítì.

Mo bi í bóyá a kò lè hú àwọn igi náà kí a gbìn wọ́n síbòmíràn. Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo ọmọdé. Ó ní, "Ṣé ẹ óò hú èmi náà?"

Ṣé a lè dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi? Èmi kò lè ṣe é. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó ṣeé tà lónìí, tí igi orí rẹ̀ kò mú ju owó ata wá lọ́dún, kí ni ẹ fẹ́ kí ó fi dáhùn? Ṣùgbọ́n bí èso kan bá ti ní ọjà ní Yúróòpù, tí igi rẹ̀ kò sì mú owó wá fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ó ti hù, ibì kan wà láàárín méjèèjì tí nǹkan ti ń jò. Àwọn kọ́múnù wa lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná wọn ní púpọ̀: kí a gbìn ín sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí a sì ka àwọn igi tí ó wà ní oko kọ̀ọ̀kan kí awọnlẹ̀ tó dé.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Agbáyun kì í wo àtọ̀gbẹ. Kò dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kù nítorí pé ó jẹ ẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó lè ran ẹni tí ó fẹ́ fi ṣúgà sílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jù oògùn rẹ̀ nù nítorí rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ wewu. Ẹ̀kọ pàápàá, àgbàdo ni, dókítà sì ní láti sọ iye tí alátọ̀gbẹ lè mu. Ẹ má sì gbàgbé pé òróm̀bó tí ó dùn lẹ́nu yín ṣì kan nínú ikùn yín. Ahọ́n ni wọ́n tàn, wọn kò tan inú, wọn kò sì tan eyín. Ẹni tí ó bá fi agbáyun jẹ òróm̀bó mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò mọ̀ ní alẹ́.

Fún àwọn tí wọ́n ní ilẹ̀ díẹ̀ tàbí ọgbà lẹ́yìn ilé, bí Bàbá ti kọ́ wa nìyí. Jẹ èso náà tán, fọ kóró rẹ̀ mọ́, kí o sì gbìn ín ní ọjọ́ náà, kí ó má ju ọjọ́ kejì lọ. Bu ilẹ̀ dúdú láti abẹ́ igi, èyí tí ewé ti jẹrà sí, sínú ọ̀rá kékeré tí a ti lu ìdí rẹ̀. Rì í díẹ̀, kì í ṣe jìnnà. Gbé e sí ibòòji, bu omi sí i, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí omi dúró. Eérú kò yẹ ẹ́, nítorí pé ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀ ni òun náà ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, ṣe sùúrù. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè kọjá kí ohunkóhun tó yọ.

Ogún kóró ni ọ̀rẹ́ mi gbìn sínú ọ̀rá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà ní àgbàlá rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni ó hù. Ó ti fún mi ní mẹ́ta, ó fún ilé ẹ̀kọ́ tí a ti jọ ṣiṣẹ́ ní mẹ́rin. Nígbà tí ó tún lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ti wálẹ̀ díẹ̀; dókítà ní oògùn àti ìrìn ẹsẹ̀ ni ó ṣe é, ọ̀rẹ́ mi kò sì bá a jiyàn. Ó ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú agbáyun nígbà tí ó bá wà, àti láìsí i nígbà tí kò bá sí.

Ìpàdé ẹbí ti wáyé ní oko. Wọ́n gbà láti ta apá ìsàlẹ̀, igi mẹ́rin ni ó sì bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ti fún Bàbá láyè láti máa ká èso wọn títí di ọjọ́ tí yóò kó yanrìn dé. Bàbá ránṣẹ́ sí wa pé bí a bá mọ ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ kóró, kí ó tètè wá kí òjò tó dá, kí ó sì mú igbá dání, kì í ṣe ọ̀rá.